Ẹ Má Dáná Sun Káàdì Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lájò, láti Tudun Wada, ní ìlú Jos, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọyẹ́ ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbí mọ ohun tí mò ń sọ: ètè ti ń là, omi àárọ̀ kò sì ṣeé fọwọ́ kàn.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa, tó ti ń gbé ní Houston láti nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti kó káàdì kún páálí bàtà mẹ́ta: ti béèsìbọ́ọ̀lù, ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, àti ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa yìí. Bó bá ti ti ilé-ìwé dé, orí ilẹ̀ ni yóò tò wọ́n sí. Bàbá rẹ̀ wá sọ pé òun yóò dáná sun gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19 ló fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, níbi tí àwọn onídán Éfésù ti kó ìwé wọn jọ tí wọ́n sì sun ún lójú gbogbo ènìyàn. Ìyá ọmọ náà bi mí pé, "Àǹtí, ṣé òrìṣà ni nǹkan yìí àbí eré ọmọdé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé."

Mo dá a lóhùn lóru ọjọ́ náà pé kí wọ́n má sun ún. Ṣùgbọ́n ìdáhùn orí fóònù kì í gùn, kì í sì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Láti Maryland dé Manchester ni mo ti gbọ́ irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ èrò mi ní kíkún níbí, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Éfésù kúrò nílẹ̀. Ìwé tiwọn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn sun. Àwọn tó gbàgbọ́ ló wá, wọ́n jẹ́wọ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kó ohun ìní wọn jáde. Lúùkù kò sọ fún wa pé bàbá kan wọ yàrá ọmọ rẹ̀ lọ kó tọmọ. Ìwé idán sì ni ìwé wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́ kedere. Kò sí ọmọ kankan tí mo mọ̀ tó ń pe ọfọ̀ sí káàdì. Bí a óò bá fi Bíbélì mú ọmọ wa, ẹ jẹ́ ká ka ẹsẹ̀ náà dé ìparí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí káàdì yìí rí, páálí pẹlẹbẹ kan ni, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwòrán eléré ìdárayá kan wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọdún tí wọ́n bí i sí, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún, àti ohun tó ti gbé ṣe. Inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n máa ń tà á. Ẹni tó rà á kò lè mọ ẹni tí yóò bá nínú rẹ̀ àfi tó bá ya á. Èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni yóò mú lọ bá ẹlòmíràn láti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí sọ́kàn, torí pé ibẹ̀ ni ìjà mi wà.

Ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀ wá kò mọ́ rárá. Sìgá ló bí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá ní Amẹ́ríkà máa ń fi páálí kékeré sínú páàkì kí sìgá má baà tẹ̀. Wọ́n wá rí i pé bí àwọn bá tẹ àwòrán sára páálí yẹn, àwọn tó ń rà á yóò máa padà wá. Ní 1887, ilé-iṣẹ́ Allen & Ginter ní ìlú Richmond, ní Virginia, fi àwòrán àwọn agbábéèsìbọ́ọ̀lù sínú tiwọn. Richmond yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ míṣọ́n tó rán Bowen sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850 fìdí kalẹ̀ sí. Ìlú kan náà, ẹrù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ óò gbọ́ orúkọ Honus Wagner lẹ́nu àwọn ọmọ yín. Agbábéèsìbọ́ọ̀lù ìlú Pittsburgh ni. Láàárín 1909 sí 1911, ilé-iṣẹ́ sìgá kan tẹ àwòrán àwọn eléré jáde, ṣùgbọ́n ti Wagner kò pẹ́ lórí àtẹ tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí ọmọdé máa ra sìgá nítorí òun. Àwọn mìíràn ní owó ni wọn kò san fún un. Àwa ọmọ ìjọ Baptist yóò fẹ́ràn ìtàn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ a máa jẹ tábà, nítorí náà ẹ má fi ṣe ìwàásù. Àwọn ìwọ̀nba tó bọ́ síta kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ló di ọ̀wọ́n gógó: ní August 2022, wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là.

Èyí ló máa ń ba àwọn bàbá lẹ́rù, ó sì máa ń wu àwọn bàbá mìíràn. Mo fẹ́ bá irú àwọn bàbá méjèèjì sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ní kí arábìnrin wa lọ ṣe.

Mo ní kó jókòó sílẹ̀ ti ọmọ náà, kí àwọn méjèèjì jọ máa wá orúkọ Yorùbá nínú páálí bàtà mẹ́ta yẹn.

Ní 1986, ilé-iṣẹ́ Fleer tẹ káàdì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ 132 jáde. Nítorí pé Michael Jordan wà nínú rẹ̀ ni àwọn olówó ṣe ń wá a kiri títí dòní. Ṣùgbọ́n ta ló wà ní nọ́ńbà 82? Ọlájùwọ́n ni, ọmọ Èkó, ẹni tí ẹgbẹ́ Houston Rockets kọ́kọ́ mú ní 1984 kí ẹnikẹ́ni tó mú Jordan. Ẹ wo ojú káàdì náà dáadáa: "Akeem" ni wọ́n kọ sí i. Ó di 1991 kí ó tó ní kí wọ́n máa fi H ṣáájú orúkọ òun bó ṣe yẹ. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi ń pariwo orúkọ ọkùnrin náà ní pápá kí wọ́n tó kọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Àwọn ọmọ wa tí olùkọ́ máa ń wọ́ orúkọ wọn nílẹ̀ ní kíláàsì láràárọ̀ yóò mọ ìdí tí mo fi dúró pẹ́ díẹ̀ lórí èyí.

Ti Giannis tún wá gbòòrò. Antetokounmpo ni gbogbo ayé ń kọ, ẹnu sì ń kọ́ wọn lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kò sí ohun tó le níbẹ̀: Adétòkunbọ̀ ni. Àwọn Gíríìkì ló fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún dá a padà sí lẹ́tà A-B-D, ó ti di nǹkan mìíràn. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ígbò ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí òkè òkun mọ irú ọmọ tí à ń sọ ní Adétòkunbọ̀. Ẹ lè ṣe é ní ẹ̀kọ́ Yorùbá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí àga ìjẹun: adé, òkun, bọ̀. Mo mọ ọmọ kan ní Maryland tí kì í dáhùn bí wọ́n bá sọ Yorùbá sí i, tó jẹ́ pé orúkọ yìí ló kọ́kọ́ mú kó béèrè ìtumọ̀ orúkọ tirẹ̀.

Ohun mìíràn wà nínú ìtàn ọmọ Adétòkunbọ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀. Ní Athens ni wọ́n ti bí i ní 1994. Fún ọdún méjìdínlógún, kò ní ìwé orílẹ̀-èdè kankan. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì lójú òfin, kò sì ní ìwé Nàìjíríà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń kiri ọjà ní ìgboro, aago ọwọ́ àti awò ojú, kí ilé lè jẹun. Ó di 2013, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fojú sí i lára, kí Gíríìsì tó fún un ní ìwé. Ní September 2020, wọ́n ta káàdì rẹ̀ kan, èyí tí kò ní èkejì láyé, ní mílíọ̀nù 1.8 dọ́là ó lé díẹ̀. Ìwé pélébé kan tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ ni o. Mo mọ̀ pé nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àwọn kan wà tí wọ́n ti ń dúró de ìwé láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ọdún méje. Iye tí ayé fi sórí ènìyàn nígbà tí kò tíì wúlò fún wọn, àti èyí tí wọ́n fi sórí rẹ̀ nígbà tó bá ti wúlò, ẹ fi méjèèjì han ọmọ yín. Kò pọ̀jù fún ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Bí ó bá sì ní ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ wá Rashidi Yekini fún un. Ọmọ Ìrá ní Kwárà, tí wọ́n bí ní Kaduna: ará Òkè-Ọya bíi tiwa ni, Yorùbá tí a bí sí ilẹ̀ Hausa. Ní June 21, 1994, ní Dallas, òun ló jẹ ayò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje ife àgbáyé, tó di àwọ̀n mú tó ń ké. Dallas kò jìnnà sí Houston. Góòlù 37 ni ó jẹ fún Nàìjíríà, irú èyí sì ni wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn káàdì. Ẹ̀yìn káàdì kì í sọ bí ọkùnrin náà ṣe dá wà ní Ìbàdàn lọ́dún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, kó tó kú ní 2012. Iyekíye la lè kọ́ sórí, àmọ́ ènìyàn ló ni ín.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Bàbá tó ń bẹ̀rù àti bàbá tó ń retí èrè, ohun kan náà ló ń dà wọ́n láàmú. Mo ti gbọ́ lẹ́nu arákùnrin kan pé owó yunifásítì ọmọ òun ni òun ń kó jọ sínú páálí. Ẹ jọ̀wọ́ o. Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Topps tẹ káàdì béèsìbọ́ọ̀lù kan jáde, àjẹkù rẹ̀ kò tà, ó sì ń gba àyè ní ilé ìkẹ́rùsí wọn; nígbà tó di 1960, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dà á sínú òkun. Mickey Mantle wà nínú àwọn tí wọ́n dà nù yẹn. Ní 2022, wọ́n ta ẹyọ kan tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ irú ìtàn báyìí ní nǹkan bí 1985 síwájú, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ra káàdì pa mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ìwé ìròyìn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ohun tí gbogbo ènìyàn bá fi pa mọ́ kò lè wọ́n. Títí dòní, àjà ilé kún fún káàdì 1988 àti 1990 tí kò tó owó búrẹ́dì. Bí Mátíù 6 ṣe sọ ti kòkòrò àti ìpẹtà, a lè fi ìwé títẹ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni mo kórìíra jù lọ. Ọmọ tó ń ya ọ̀rá káàdì, ẹ wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹni tó ra nǹkan ni. Ojú yẹn ni mò ń rí lójoojúmọ́ níwájú àwọn ìsọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní òpópónà wa, lójú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú bébà kékeré lọ́wọ́, tí wọ́n ń sọ pé "ó kù díẹ̀". Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ́ ní orin Sunbeam. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti gbé àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì lọ sílé ẹjọ́ pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta fún àwọn. Ní 2002, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan dá wọn padà, ó ní ẹni tó ra ọ̀rá ti gba ohun tó sanwó fún. Adájọ́ mọ òfin. Èmi mọ ojú yẹn.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn mi fi yàtọ̀ sí ti bàbá náà, tó tún yàtọ̀ sí ti àwọn tó ní kí a fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ dá ọ̀rá dúró, tàbí kí ẹ fi í mọ sí ọjọ́ ìbí àti Kérésìmesì. Bí ọmọ bá fẹ́ káàdì ẹnì kan, kó fi owó àpò rẹ̀ ra ẹyọ kan náà gan-an lójú kedere, kó mọ iye tó san àti ohun tó gbà. Ohun tó kù, kó wá a nípa pàṣípààrọ̀.

Pàṣípààrọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí lójú tèmi. Ní 2018, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan ní Yunifásítì Cardiff, Paul Harper, ṣírò ohun tí yóò ná ènìyàn láti kún ìwé sítíkà Panini ti ife àgbáyé ọdún náà. Sítíkà 682 ló wà nínú ìwé yẹn, márùn-ún sì ni nínú ọ̀rá kan. Ẹni tí oríire bá bá lọ tí kò rí méjì irú kan náà rí kò ní nílò ju ọ̀rá 137 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá a ṣe nìkan, tí kò bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀, ọ̀rá 967 ni yóò rà kó tó kún un, owó rẹ̀ sì ju pọ́ùn 770 lọ. Bí ó bá ní ọ̀rẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń pààrọ̀, kò ní tó ìdajì ìyẹn. Mo ka ìṣirò yìí fún àwọn olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́-ìsinmi wa, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àfi pé Harper fi owó pọ́ùn sí i.

Mo bi arábìnrin wa ní Houston pé ta ni ó máa ń wá sílé wọn. Ó ronú díẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti dé ibẹ̀, ọmọ méjì péré ló ti wá bá ọmọ òun ṣeré nílé, ọmọ ará Mexico kan àti ọmọ ará Vietnam kan, káàdì ló sì gbé wọn wá. Bàbá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò sí nílé ní ọ̀sán tí wọ́n ń wá. Kò mọ̀. Ohun tó fẹ́ dáná sun kì í ṣe páálí bàtà mẹ́ta. Bàbá náà kò tíì gbà pẹ̀lú mi tán, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n Sátidé yẹn kọjá láìsí iná.

Níbí ní Tudun Wada, káàdì àwọn ọmọ wa kì í ṣe ojúlówó. Àdàkọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ súìtì ní kíósì. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n kọ orúkọ Okocha sí abẹ́ àwòrán Kanu. Àwọn ọmọ kò bínú sí i, wọ́n ní ìyẹn gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ìpàdé R.A. ní ọjọ́ Sátidé, orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń tẹ́ wọn sí. Àwọn ọmọ tí kì í ṣe ti ìjọ wa náà ń wá, títí kan tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, ọmọ Mùsùlùmí, tí bàbá wọn ń tún mọ́tò ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ kó kúrò ní Jos lẹ́yìn September 2001, tàbí lẹ́yìn November 2008, kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Àwọn ọmọ wà nílùú yìí tí wọ́n ti pé ọdún mẹ́tàlá láìtẹ ẹsẹ̀ bọ àdúgbò kan tí kò tó ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ilé wọn. Wọn kò bá ara wọn jà rí. Wọ́n kàn mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ dé ni, bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn.

Hausa ni wọ́n fi ń ṣòwò náà lórí àtẹ̀gùn. "Musaya" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn pàṣípààrọ̀. Mo fetí sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara mi sì bù máṣọ, torí ibòmíràn ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí rédíò Hausa bá fẹ́ sọ pé àwọn ènìyàn ń yìnbọn síra wọn, "musayar wuta" ni wọ́n ń sọ, pàṣípààrọ̀ iná. Ìyẹn ni musaya tí etí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gbọ́ láti kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ R.A. kan jókòó níbẹ̀, tó ń bẹ ọmọ mẹkáníìkì pé kó fún òun ní Ahmed Musa, òun yóò fún un ní Mikel. Mùsùlùmí ni Musa, Jos ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ígbò ni Mikel, Jos ló dàgbà sí. "Ọmọ Jos ni," ni àwọn méjèèjì ń sọ nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fi ọ̀kan gba èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni méjèèjì wà.

Díákónì kan fi ẹjọ́ mi sùn pé mo ti sọ àtẹ̀gùn ilé Ọlọ́run di ọjà, ó sì tọ́ka sí bí Olúwa wa ṣe dojú tábìlì dé. Àgbà ni wọ́n, mo kúnlẹ̀ kí wọ́n kí n tó dáhùn. Mo ní, "Bàbá, àwọn tí Olúwa lé, ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Èyí, ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn náà ló ń jèrè níbẹ̀." Wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo rí wọn tí wọ́n ń bi ọmọ kan léèrè iye tí Yekini jẹ́.

Kì í ṣe pé ìrẹ́jẹ kò sí o. Òwe 20, ẹsẹ̀ 14, mọ àwọn ọmọ wa dáadáa: ẹni tó ń rajà a máa bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà, bó bá ti kúrò níbẹ̀ tán, a máa yangàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yóò sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé káàdì rẹ̀ ti gbó, yóò fi mẹ́wàá tí kò wúlò gbà á, yóò sì máa fi ṣe fáàrí nígbà tó bá dé ẹ̀yìn ògiri. Òfin wa ni pé ọmọ tí kò tíì pé mẹ́wàá lè yí pàṣípààrọ̀ rẹ̀ padà títí di Sátidé tó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀gá kéékèèké wọ̀nyẹn kùn, wọ́n ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà Terminus. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé òrìṣà wá ni? Kíkó nǹkan jọ nìkan kò sọ nǹkan di òrìṣà. Ní ìlú wa yìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà tí Bernard Fagg dá sílẹ̀ ní 1952. Nínú ohun tó kó jọ ni orí amọ̀ kan wà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Nok ayé àtijọ́, tí wọ́n hú jáde níbi ìwakùsà tíìnì, tí akọ̀wé kan sì ti gbé sórí igi nínú oko iṣu láti máa fi lé ẹyẹ. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ràn àtikó nǹkan jọ, ẹyẹ ni yóò ṣì máa wò ó. Níbi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ti àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń rán káàdì lọ síbi tí wọ́n ti máa ń fún un ní máàkì láti ení dé ẹ̀wá, tí wọ́n á sé e mọ́ inú ike líle, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án mọ́, tí kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín àfi bí owó bá pọ̀. Ìyẹn súnmọ́ tálẹ́ńtì tí ìránṣẹ́ kan rì mọ́lẹ̀. Bí òrìṣà bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe orí ilẹ̀ níbi tí ọmọ ọdún mọ́kànlá tẹ́ nǹkan rẹ̀ sí ni mo ti máa kọ́kọ́ wá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé ní December, mo ní ẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n ṣa èyí tí wọ́n ní ní méjì-méjì, kí ẹ dì í mọ́ ẹrù yín, kò wúwo. Kí ọmọ náà kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú tó wà sí bébà kan, kó sì kọ ohun tó fẹ́ gbà padà, torí àwọn ọmọ R.A. kò fẹ́ ọrẹ, musaya ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ìdérí ìgò mínírà tí wọ́n ya nọ́ńbà sí, wọ́n sì ní Okocha tó gùn bíi Kanu. Saka ni wọ́n ń béèrè jù, lẹ́yìn rẹ̀ Osimhen. Ti béèsìbọ́ọ̀lù náà dára, wọn kò mọ eré náà, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ eléré yẹn wù wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ọ̀rá tuntun wá.